Ọjọ́ Tí Ilé-Arìn Jókòó Sójú Ọ̀nà

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àwọ̀n jókòó sínú pápá, láàárín ìlú méjì, tí kò sì dìde mọ́. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún àti olùkọ́ kan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ń rìn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ilé bí ẹni gbin iṣu, ilé náà á hu ẹsẹ̀, á sì máa mí. Ilé-arìn ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ méjìlá ló ní, ìkọ̀ọ̀kan nípọn bí òpó afárá. Èèpo ara rẹ̀ ni ògiri, ewé orí rẹ̀ ni òrùlé, omi àti oòrùn nìkan sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń gbin ọ̀kan kó tó lè gbé ọmọ ènìyàn sínú.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló pàṣẹ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kò bá tó igba, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni yóò ní. Àwọn tó ṣòfin náà ń gbé olú-ìlú. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà ládùúgbò wọn, kò sì sí èyí tó ń rìn níbẹ̀. Ní Àwọ̀n, ọ̀sẹ̀ méjì ni ilé-arìn ń lò ní Agó-Ọ̀pẹ, á lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Òkè-Àwọ̀n. Bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan, àwọn ọmọ wọn á jókòó sílé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ìṣirò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Kò sí ìlú tó fẹ́ràn ọjọ́ tó ń lọ.

Àṣà kan wá wà níbẹ̀. Bí ilé-arìn bá ń lọ, àwọn ọmọ ibi tó ti ń bọ̀ á sìn ín dé ìdajì ọ̀nà, àwọn ọmọ ibi tó ń lọ á wá pàdé rẹ̀. Wọ́n á jọ wọ inú rẹ̀, wọ́n á kọrin díẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó wá sìn ín á sọ̀ kalẹ̀. Orin yẹn ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ tí ilé náà fi tẹ orúnkún méjèèjìlá, tó ju gbòǹgbò sílẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èèpo ti ń hù bo ilẹ̀kùn, ó ń hù bo fèrèsé, bí awọ ṣe ń bo ojú egbò.

Àṣàbí Ọ̀tẹ́gbadé, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́, gun alùpùpù afẹ́fẹ́ rẹ̀ débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nípò náà. Ó bá Baálẹ̀ ìlú méjèèjì níbẹ̀, àti Dókítà Ṣóẹ̀tán, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn ilé-arìn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ìpè ló kọ́kọ́ gbé sẹ́nu.

“Tísà Ìbíyẹmí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mo ń gbọ́ yín, mà. Ooru ti ń mú wa. Ihò mẹ́ta ló kù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Mo ti ní kí wọ́n dákẹ́ orin.”

“Ṣé wọ́n ń sunkún?”

“Àwọn kékeré ń sunkún. Àwọn tó dàgbà ń bi mí bóyá wọ́n á ṣì ṣe ìdánwò ọ̀la.”

“Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n á ṣe é.”

Dókítà Ṣóẹ̀tán ti yọ abẹ ìtànṣán jáde, irinṣẹ́ tó ń fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ gé nǹkan. “Ìyáàfin Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n gé iṣan àárín rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ á ti wà níta.”

“Ilé náà ńkọ́?”

“Á kú.”

“Ìjọba á gbin òmíràn fún wa?”

Gbogbo wọn ló mọ èsì náà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, wọ́n á kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìtọ́jú ní olú-ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́fà á máa sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, á máa rí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọ́n ti ṣe é fún àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Ìtọ́jú ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Baálẹ̀ Láṣebìkan ti Agó-Ọ̀pẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀. “Mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Ohun tó ní ẹsẹ̀ kọ́ ló yẹ ká máa kó ọmọ sínú rẹ̀.”

“Bàbá, ẹ̀yin náà buwọ́ lu ìwé rẹ̀,” ni Dókítà wí.

“Mo buwọ́ lù ú nítorí pé Òkè-Àwọ̀n ti buwọ́ lù ú.”

Dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ó ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ èèpo náà. Atọ́jewò ni, ẹ̀rọ tó ń tọ́ oje igi wò tó sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó wá yíjú sí àwọn àgbà náà.

“Ilé yìí ti ń jẹun. Mo sọ fún gbogbo yín pé omi àti oòrùn nìkan ni. Bó bá jẹ oúnjẹ ilẹ̀ yó, ara rẹ̀ á rò pé ibi tó wà ni yóò máa gbé títí ayé. Ẹ sọ ohun tí ẹ fún un fún mi. Tí mo bá mọ gbogbo rẹ̀, mo lè po ohun tó máa tú èèpo náà. Tí mo bá fi àbá ṣe é tí mo ṣì í, èèpo yẹn á le bí irin.”

“Kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan ní Agó-Ọ̀pẹ,” Láṣebìkan wí.

“Tiwa ńkọ́?” Baálẹ̀ Oyèkúnlé ti Òkè-Àwọ̀n sọ. “A ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.”

Àṣàbí wo àwọn méjèèjì. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò ní àsìkò àpọ́nlé lónìí. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ tó wà nínú ibẹ̀ yẹn, ọmọ-ọmọ yín ni wọ́n. Mo mọ orúkọ wọn. Ṣé kí n pè wọ́n lórí ẹ̀rọ, kí ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ ò sún mọ́ ọn?”

Oyèkúnlé wolẹ̀. “Eérú kókó ni,” ló sọ níkẹyìn. “Díẹ̀ ni.”

“Díẹ̀ bíi mélòó?”

“Àpò mẹ́fà.”

“Lóṣù?”

“Lọ́sẹ̀. Ṣé kí àlejò wọ̀lú ká wá fún un lómi lásán? A fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí àwọn ọmọ parí ìwé wọn.”

Láṣebìkan bú sẹ́rìn-ín. Oyèkúnlé yíjú sí i. “Máa rẹ́rìn-ín. Bó bá ti ọ̀dọ̀ yín dé, ìyàwó mi á ní ká sé fèrèsé. Òórùn ìgbẹ́ adìẹ.”

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Láṣebìkan. “Agbọ̀n mẹ́wàá,” ló wí. “Nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀ ń fún un ní eérú.”

Dókítà tẹ iye wọn sínú atọ́jewò. Ó dúró, ó tún un tẹ̀, ó mi orí. “Kò pé. Ohun kẹta wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ohun oko. Oògùn inú ìgò ni.”

Àwọn Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ lọ́tẹ̀ yìí. Oògùn ilé-arìn, wọn kì í tà á fún ará ìlú. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ nìkan ló ń gbà á.

Ẹ̀rọ ìpè dún lọ́wọ́ Àṣàbí. “Ihò kan ló kù o, mà. Ọmọ kan ti dákú. A ń fi ìwé fẹ́ ẹ.”

Àṣàbí lè dákẹ́. Ó lè jẹ́ kí Dókítà fi àbá ṣe é, bóyá yóò bọ́ sí i. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé pamọ́ fún un, àwọn olùkọ́, àwọn òbí, àwọn Baálẹ̀ wọ̀nyí náà. Àwọn tó bú náà ló ń wò ó yìí.

“Èmi ni,” ló wí. “Amúwétutù. Ìgò mẹ́rin.”

“Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó,” Dókítà sọ pẹ̀lẹ́. “Mo fi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.”

“Mo rí ìlà náà. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti olú-ìlú, ewé rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Bí wọ́n bá rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í pa. Mo fẹ́ kí ewé náà tutù lójú wọn.”

Kò sẹ́ni tó bú u. Dókítà ti ń ṣírò. “Eérú ló pọ̀ jù, ohun kíkan ló sì máa ṣẹ́ ẹ. Omidùn. Ta ló ní omidùn ògì nílé?”

Ta ni kò ní? Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn ẹ̀rọ afò-akẹ́rù ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì omidùn bọ̀ láti ìlú méjèèjì. Àwọn obìnrin tí ẹ̀rọ pẹ́ lójú wọn gbé tiwọn sórí, wọ́n ń sáré bọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, Dókítà fa Àṣàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó yẹ kí ẹ mọ èyí. Ká ní eérú àti ìgbẹ́ adìẹ nìkan ni, ọ̀la ni ì bá dìde. Nítorí ìgò mẹ́rin yẹn, omidùn á jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ní rìn mọ́ láé.”

“Àwọn ọmọ á jáde?”

“Wọ́n á jáde.”

“Ilé náà á yè?”

“Á yè. Á kàn máa jókòó síbi tó wà ni.”

“Ẹ dà á sí i.”

Wọ́n dà á sídìí gbòǹgbò, wọ́n dà á sí ẹnu ilẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ gba pápá kan. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìyá kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ògiri. Èèpo náà wá rọ̀. Ó wú, ó là láàárín, ó ká kúrò lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tú jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìkòkò. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e jáde, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń ṣẹ́jú nínú oòrùn. Tísà Ìbíyẹmí ló jáde gbẹ̀yìn, ó gbé ọmọbìnrin tó dákú léjìká. Ọmọ náà ti jí, ó ń bèèrè omi.

Àṣàbí ka orí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé ó dùn ún kà.

“Àwọn kan tọ̀ sára,” Tísà wí fún un. “Ẹ má bi mí bóyá mo wà lára wọn.”

Àṣàbí rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ omidùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ilé-arìn ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún gbì bí ìgbà tí òpó bá wó.

Oyèkúnlé wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. “Àṣàbí, kọ ọ́ pé eérú wa ló fà á. Mo ti dàgbà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?”

“Ẹ ṣé, bàbá. Bó ṣe rí ni mo máa kọ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé láti olú-ìlú pé wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Àmọ́ wọn ò lè kó àwọn ọmọ lọ. Òfin ní ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàyè á máa lò ó, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó gbọ́dọ̀ máa rìn. Ìlú méjèèjì kó àdá, wọ́n la ọ̀nà wá síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tó tún jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kìlómítà mẹ́fà ni láti ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn ín, ní àlọ àti ní àbọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ọ̀nà náà, Àṣàbí bá àwọn ọmọ Agó-Ọ̀pẹ rìn. Kò ní ọ́fíìsì tó fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n rìn dé ìdajì, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní jókòó sórí kùkùté, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

“Ìyá Akọ̀wé, ṣé ilé-ìwé ò ní wá bá wa mọ́?”

“Kò ní wá mọ́.”

“Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni.”

Ọmọ náà rò ó wò díẹ̀. “Ẹ wá pọ̀n mí nígbà náà,” ló wí.

Àṣàbí lóṣòó, ó gbé ẹ̀yìn sí i.