Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Bèèrè

Gìrì náà ti fi ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré ṣì dì í mú ṣinṣin. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí nítorí bó ṣe máa ń pọn àbúrò rẹ̀ kiri bí ẹni pé òun ló bí i. Àbúrò ọ̀hún, Jagunlabí, ọmọ oṣù mọ́kànlá, ti sùn lọ lórí itan rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yọ tẹmómítà lábíyá ọmọ. "Ara rẹ̀ ò tiẹ̀ gbóná púpọ̀. Ìgbà wo ni ibà náà bẹ̀rẹ̀?"

"Kò tíì pé wákàtí kan, mà."

"Hmm. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan àtààbọ̀, ibà tí ò le, tí ò sì pẹ́ kí gìrì tó dé, irú rẹ̀ máa ń padà wá. Ó ku àmì kan. Ṣé ẹnìkan nínú ilé yín ti ṣe gìrì rí ní kékeré?"

Ìyá Kékeré gan-an ṣe é títí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́ kó tó rí Rédíò, ọmọ kíláàsì rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró kí wọ́n wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Rédíò bá gbọ́ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán gbogbo ilé ìwé ti gbọ́. Oníwárápá ni wọn yóò máa pè é títí yóò fi jáde ìwé.

"Rárá, mà. Kò sí."

"Ó dáa. Ká ní ó wà ni, ǹ bá dá yín dúró, kí n ránṣẹ́ pe ìyá yín." Ó kọ òògùn fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀, aránṣọ, dá máṣínì dúró. "Ṣé o sọ fún wọn pé ìwọ náà ṣe é?"

"Mo sọ, mà. Wọ́n ní kò léwu."

Irọ́ kì í dá rìn. Ìyá mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tún tẹ máṣínì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ méjèèjì nìkan wà nílé, ara Jagunlabí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò gbóná débi tí èèyàn máa fi pariwo. Ìyá Kékeré gbé e jókòó sínú bàsíà omi kí ara rẹ̀ lè tutù, ó wá rántí pé aṣọ ìnura wà lórí okùn níta. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tó padà, ọmọ ti dojú délẹ̀ nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lára bàsíà.

Igbe rẹ̀ ló gbé káfíńtà ilé kejì dé. Ọkùnrin náà gbé ọmọ, ó sáré láìwọ bàtà títí dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo ojú ọmọ náà. "Gìrì fúnra rẹ̀ kì í sábàá pa ọmọ," ó wí fún ìyá, tí wọ́n ti lọ pè wá láti ṣọ́ọ̀bù. "Omi ni. Ká ní mo mọ̀ pé ó wà nínú ìdílé yín ni, ǹ bá ti kìlọ̀ pé kẹ́ ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan rárá tí ara rẹ̀ bá ti gbóná díẹ̀. Ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ láìbèèrè."

"Ṣé ọmọ yìí ò sọ fún yín ni?" Ìyá yíjú sí Ìyá Kékeré.

"Ojú tì mí, mà. Rédíò wà níbẹ̀."

"Ta ní ń jẹ́ Rédíò?"

"Ọmọ kíláàsì mi ni, mà," Ìyá Kékeré dáhùn. Ìyá rẹ̀ ò lù ú, kò bú u, ó kàn ń wò ó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oníṣègùn bá bi yín léèrè, ẹ sọ òtítọ́, ẹni yòówù kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Yẹ̀yẹ́ ilé ìwé a máa tán. Ọmọ tó kú ò ní í jí.