Orúkọ Solange

Nígbà tí Gaspard Vernoux kọ́kọ́ rí obìnrin náà, ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, fíìmù rọ̀ sí i lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì fi eyín di ọ̀kan mú. Yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ní Joinville lẹ́bàá Paris ni. Gaspard, olùdarí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, kí i. Obìnrin náà yọ fíìmù lẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ ya èyí? Ẹ mà fẹ́ràn ilẹ̀kùn o. Gbogbo èèyàn ló ń wọlé, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀."

Solange Terrier ni orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí àpótí fíìmù. Ó gé ilẹ̀kùn mọ́kànlá dànù. Ó gbé ẹkún tó wà ní ìparí wá síbẹ̀rẹ̀, fíìmù tó ti kú sì jí. Gaspard sọ fún un pé òun ò lè dá rìn mọ́ láyé òun. Solange ní kó jẹ́ kí fíìmù jáde ná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Paris, ìyá Solange ti Dijon wá. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí fíìmù ń kọjá lójú aṣọ sinimá. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ajá. Orúkọ Solange kò sí. Ìyá rẹ̀ rọra bi í bóyá òun ló ṣẹ́jú nígbà tó kọjá.

Gaspard gun orí ìtàgé, wọ́n pàtẹ́wọ́, kò sì dárúkọ Solange.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Solange bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Delorge ló ni ilé iṣẹ́ fíìmù. Ó ní ta ló ń kọ orúkọ aránṣọ sára kóòtù."

"Orúkọ aránṣọ wà nínú kóòtù Delorge. Mo ti rí i."

Ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Dijon.

Olè ni wọ́n jà, kò lórúkọ méjì. Ẹni tó jí adìẹ, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ẹni tó jí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin, wọ́n ń fún un ní òdòdó. Ohun tó sì dun Gaspard jù ni pé ọwọ́ òun ló gba òdòdó náà.

Ó bẹ Delorge kó fi orúkọ náà sí i. Delorge ní ẹ̀dà fíìmù méjìlá ti jáde, kò ṣeé ṣe mọ́. Gaspard bá mú àlùmọ́gàjí, ó ń ti ilé sinimá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gé orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Delorge búra pé kò ní ya fíìmù fún òun mọ́ láéláé. Gaspard ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Dijon ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Ìyá Solange ló ní kí àwọn tún lọ wò ó, bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Nígbà tí àwòrán fò lójijì níbi tí orúkọ olùdarí yẹ kó wà, Solange dìde, ó gòkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ sinimá.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni," Gaspard dáhùn. "Bí orúkọ rẹ ò bá sí níbẹ̀, tèmi ò ní sí."

"Ó wọ́. Yóò já kó tó di ọ̀la." Ó na ọwọ́. "Gbé àlùmọ́gàjí wá, ìwọ aláìmọ̀-ọ́n-lẹ̀ yìí."

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ní gbọ̀ngàn ìlú Dijon, akọ̀wé ìgbéyàwó na kálàmù sí ọkọ ìyàwó. Gaspard gbé e fún Solange kó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Ó ń wò ó bó ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣẹ́jú.