Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Ajá Ọláìtán

Bàtà obìnrin kan ni Ethel onídìrí kọ́kọ́ rí nígbà tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ Tíṣà Gertrude Láyíwọlá, tó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀ lábẹ́ apá, ọ̀fun rẹ̀ ti ya. Ajá ńlá kan jókòó tì í, ó ń lá ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Kí Inspẹ́kítọ̀ Yínká Àkàngbé tó débẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ti fi àwọ̀n mú ajá. Wọ́n sì ti mú èèyàn mọ́ ọn: Àbdùlsàmàd, arúgbó ará Bida tó ń ṣọ́ ilé alájà mẹ́ta tó kọjú sí gọ́tà náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ajá rẹ̀ ni,” Ọ̀gbẹ́ni Jeffrey Ọláìtán wí. Òun ló ni ilé náà. “Èmi kàn gbà á láyè kó máa sìn ín nínú ọgbà mi ni. Àánú ló kó bá mi. Ẹ wo ìwé ẹ̀.”

Ìwé àṣẹ ajá ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Òfin wọn kò lọ́jú pọ̀: ajá tó lè ṣe èèyàn léṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí okùn lọ́rùn àti ìdè lẹ́nu, bó bá sì pa èèyàn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ń ṣẹ̀wọ̀n. Orúkọ olówó ajá: Àbdùlsàmàd. Orúkọ ajá: Taniyóòmúmi. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ni wọ́n kọ sí i, ìtẹ̀ka aláwọ̀ àlùkò sì wà nísàlẹ̀.

“Bàbá, ajá yín ni?”

Àbdùlsàmàd wo ojú Ọláìtán. Inú ọgbà ọkùnrin yìí ni ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń sùn. “Ọ̀gá ló mọ̀,” ló sọ.

Àkàngbé tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà díẹ̀ kó má baà há a lọ́wọ́. Ó rí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì tún wo ìwé náà.

Ó sọdá lọ sọ́dọ̀ Ethel. Ọmọbìnrin náà ti jókòó, kò lè di irun kankan.

“Àǹtí, ta ló ni ajá yẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù tí mo wà yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán ló ni ín.” Ó nu ojú. “Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀.”

“Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ Taniyóòmúmi?”

“Jack ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí tíṣà fẹjọ́ sun àwọn wolé-wolé ni olówó ẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ padà. Tí tíṣà bá ti ń lọ sí àdúrà àárọ̀ báyìí, ẹ ó máa gbọ́: ‘Taniyóòmúmi, máa bọ̀!’ Tíṣà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Kò dáhùn rí.”

Àkàngbé mọ àṣà náà dáadáa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá bàbá rẹ̀ sọ ajá kan lórúkọ nítorí àbúrò rẹ̀, ó sì fi ajá náà bú u fún ọdún mẹ́sàn-án láìya ẹnu bú u. Ẹni tí kò níjà kì í sọ ajá rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kí sì ni ìjà Àbdùlsàmàd pẹ̀lú obìnrin tí Ethel ní ó máa ń fún un ní ẹ̀kọ lọ́jọ́ ààwẹ̀?

Nínú yàrá tíṣà, ìwé ẹ̀sùn méje ló bá nínú ìwé ológójì ojú ewé kan. Tíṣà kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìda ọ̀kan kọ pamọ́. Èyí àkọ́kọ́, ti oṣù karùn-ún, ní: “Ajá kan tí wọ́n ń pè ní Jack ń dá wa lóró.” Èyí ìkẹyìn, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní: “Mo bẹ̀ yín, ẹ wá kí ó tó pa ènìyàn.” Kò sẹ́ni tó fèsì fún un. Ọláìtán tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni ẹnìkan níbẹ̀ lọ sọ fún. Inú bí Àkàngbé, ó sì mú ìwé náà dání.

Ní ọ̀sán, ó pe gbogbo wọn sínú ọgbà Ọláìtán.

“Ẹ̀gbọ́n, oṣù wo ni bàbá yìí gba ìwé àṣẹ?”

“Oṣù kìíní. Ṣé ẹ ò kàwé ni?”

“Mo kà á. Nínú oṣù karùn-ún, Jack ni ajá yín ń jẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní Taniyóòmúmi torí pé tíṣà fẹjọ́ yín sùn. Báwo ni ìwé oṣù kìíní ṣe mọ orúkọ tí ìjà oṣù karùn-ún bí? Ká ní ẹ kọ Jack síbẹ̀ ni, bàbá yìí ni ì bá ṣẹ̀wọ̀n yín. Àmọ́ Taniyóòmúmi ló dùn jù lẹ́nu yín.”

Ọláìtán rẹ́rìn-ín. “Ẹlòmíì ló kọ ọ́.”

“Bàbá, ẹ na àtàǹpàkò yín.” Gbogbo èèyàn rí i: yíńkì àlùkò ṣì wà nínú èékánná. Àkàngbé kọjú sí Ọláìtán. “Yíńkì oṣù kìíní kì í pẹ́ dé oṣù kẹwàá. Ẹnìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ ló bá yín wá ìwé òfìfo tó ti ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ burúkú. Àárọ̀ yìí lẹ lò ó. Ta ló ń tú ajá sílẹ̀ láràárọ̀?”

Ethel ló dìde.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán ni. Lónìí náà, àwọn ni. Màá sọ ọ́ ní kóòtù.”

“Mi ò ní kó pa á,” Ọláìtán wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo kàn fẹ́ kí tíṣà máa bẹ̀rù ni. Mo ní kó má dá sọ́rọ̀ mi. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

“Òótọ́ lẹ sọ,” Àkàngbé wí, ó sì bọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bàbá, ó fi í sọ́wọ́ Ọláìtán.

Àbdùlsàmàd ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́. “Ìwé ojú yẹn wá ńkọ́, ọ̀gá? Wọ́n ní kí n tẹ̀ka láàárọ̀, pé ìwé ìtọ́jú ojú mi ni. Ṣé wọ́n ṣì máa tọ́jú ẹ̀?”

Bí Àkàngbé ṣe ń ká ìwé àṣẹ náà sápò ni wolé-wolé méjì yọ lẹ́nu géètì, agolo ọ̀dà pupa kan lọ́wọ́ èyí tó kéré.

“Ẹ kú ọ̀sán o. Ajá kan la wá kọ ìkìlọ̀ ọjọ́ méje fún,” ẹ̀gbọ́n wọn wí, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí Tíṣà Láyíwọlá? Òun ló máa fi ilé náà hàn wá.”