Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ́ Kí Apànìyàn Sá Lọ

Sájẹ́ǹtì kan wà tí inú rẹ̀ ń jó bí iná. Adigunjalè yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì jọ gbé yàrá kan nígbà tí wọn kò tíì láya. Láti ọjọ́ náà ni Sájẹ́ǹtì ti búra pé ẹni tó ṣe é kò ní fojú kan adájọ́. Ọwọ́ òun ni yóò ti gba ikú.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni tẹ́lẹ̀. Ó ń lọ sílé ìjọsìn, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀san ti di oúnjẹ rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kí i káàbọ̀, á kàn kùn hùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ pé bí bàbá bá ti ń bọ́ bàtà, kí kálukú wábi gbà.

Ètò kan wà ní àgọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ọlọ́pàá mélòó kan láti máa jókòó ti ẹlẹgbẹ́ wọn tí ojú rẹ̀ bá rí màbo lẹ́nu iṣẹ́, kí ó lè sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn káńtà ni wọ́n fi ṣe é. Sájẹ́ǹtì a máa pè é ní yàrá àwọn ẹlẹ́kún. Ó gbà pé ẹni tó bá wọbẹ̀, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n á sì gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn yẹn ló gbójú lé.

Obìnrin kan tó ń gba ìpè lórí rédíò wà lára àwọn tí wọ́n kọ́. Ìyá Rédíò ni gbogbo wọn ń pè é, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Ó pe Sájẹ́ǹtì sí yàrá náà títí, kò lọ. Níjọ́ kan ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò mi, èmi ni mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ kẹ́yìn. Mo ń pè é lórí rédíò, kò dáhùn mọ́. Èmi náà fẹ́ kí ẹni tó pa á kú. Jésù ni mo gbé ìbínú yẹn fún, torí ìbínú náà fẹ́ pa mí."

"Ẹ gbé tiyín fún un, Ìyá," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Tèmi ṣì wúlò fún mi."

Kò pẹ́, ọwọ́ tẹ apànìyàn náà, ó sì jẹ́wọ́. Inú Sájẹ́ǹtì dùn dénú. Ó bẹ ọ̀gá wọn pé òun ni kó yàn láti mú un lọ sí kóòtù, ọ̀gá kò sì fura.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbìmọ̀. Nígbà tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ láìtì. Bí wọ́n bá dé ẹ̀yìn kóòtù, níbi tí ọgbà ti ṣí sí pápá, òun á kẹ̀yìn sí i. Ó dá a lójú pé á sá. Ẹni tó bá sì ń sá, ta ni yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi yìnbọn fún un?

Wọ́n débẹ̀. Awakọ̀ wọlé lọ sọ pé àwọn ti dé. Sájẹ́ǹtì kẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan ìbọn, ó ń retí ìró ẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó sá. Ẹ ò rí bí ẹ̀san ṣe ń sọ èèyàn di òmùgọ̀, Ọlọ́run náà ló ń bẹ̀ kó bá òun pànìyàn.

Ohùn ló gbọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan kò tì. Ẹ bá mi tì í."

Sájẹ́ǹtì yíjú padà. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sí i. Sájẹ́ǹtì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò sá.

"Mo ti sá títí. Gbogbo ibi tí mo sá dé, ọlọ́pàá tí mo pa ni mo ń bá níbẹ̀. Ẹ dè mí dáadáa, ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

Sájẹ́ǹtì gbé ọwọ́ kúrò lórí ìbọn. Ó ṣì kórìíra ọkùnrin náà, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n apànìyàn ń bẹ̀ pé kí wọ́n de òun, òun tó wọ aṣọ ìjọba sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi pànìyàn. Ó ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà pa, ó sì fa ọkùnrin náà lé kóòtù lọ́wọ́.

Nígbà tó padà sí àgọ́, yàrá tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbà lọ tààrà. Ó gbé ìbọn lé Ìyá Rédíò lọ́wọ́, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá kò bú u. Ó ní èyí kọjá ohun tí àwọn méjì lè pa mọ́, àwọn á jọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n sì lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde, ó kúnlẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

"Jésù," ni ó wí, "apànìyàn ni mí. Ṣàánú mi."

Wọ́n gba ìbọn rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì já a sílẹ̀ nípò. Ìbínú náà kò tán lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì máa ń ru sókè, ó sì ṣì ń lọ jókòó ti Ìyá Rédíò. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni olúwa rẹ̀ mọ́, Jésù ni.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, má fi í rẹ́rìn-ín. O lè má ní ìbọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí o ń dọdẹ. O mọ̀ ọ́n. Bóyá ó rẹ́ ọ jẹ, bóyá ó ba ilé rẹ jẹ́. Ìparun rẹ̀ ni o máa ń rò kí o tó lè sùn. O jàre rẹ̀, n ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ká ní Ọlọ́run gbẹ̀san lára ìwọ náà ni, ìwọ ì bá ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló gba ìyà rẹ jẹ lórí igi, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó kàn án mọ́ ọn.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yẹn, dárúkọ ẹni tí o kórìíra jù lọ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dárúkọ ara rẹ.