Àwo Tí Inú Rẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

"Akọ̀wé, ṣé wọ́n ti gbẹ?"

Orí ibùsùn ni ìyá rẹ̀ wà tó ti béèrè. Ọjọ́ kẹta nìyí tí ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kó nàró. Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, torí ìwé kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ àwo mímọ sì tún ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Iṣẹ́ náà kò le lójú, àmọ́ ó ń jẹ èèyàn léegun. Ìyá ti da sìmẹ́ǹtì sínú àwọn abọ́ ògbólógbòó, ó gbẹ, ó di mọ́ọ̀dù. Wọn á fi ìgò yí amọ̀ pẹlẹbẹ, wọn á tẹ́ àkísà sórí mọ́ọ̀dù kó má baà lẹ̀, wọn á wá tẹ amọ̀ mọ́ ọn títí yóò fi di àwo. Lẹ́yìn náà, ó di ọjọ́ méje lábẹ́ ibòji. Ìyá kì í fojú lásán mọ èyí tó gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbé e kàn. Bó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé gbé ọ̀kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù. Mẹ́wàá nínú ogójì ló tutù bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò tíì pé ọjọ́ méje, tó sá sóòrùn lánàá kí wọ́n lè tètè gbẹ. Bó bá sọ òtítọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa dáná iléru láti fi sun àwo, òun náà ló sì máa jókòó tì í. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Wọ́n ti gbẹ, Màmá."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiẹ̀ ò lò tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tó kó gbogbo wọn sínú iléru tó sì dáná. Nǹkan dún gbàù nínú iléru, òmíràn tẹ̀lé e. Àwo tútù kì í dá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ a máa fọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ló yè.

Olóúnjẹ tó ní kí wọ́n mọ ogójì àwo náà fún òun dé lọ́jọ́ kejì, ó wò wọ́n, ó mirí. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwọn oníbàárà mi ò lè máa dúró. Àwo rọ́bà náà ni n ó máa lò lọ."

Nígbà tó lọ tán, ìyá jókòó ti àfọ́kù, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mi ò po amọ̀ yẹn dáadáa," ó wí. "Ọwọ́ mi ló ti gbó. Bá mi kó àwọn mọ́ọ̀dù yẹn dànù. Ó tó gẹ́ẹ́."

Akọ̀wé kó méjì, ó dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó gbé àwọn mọ́ọ̀dù náà kalẹ̀, ó yíjú padà.

"Màmá, kì í ṣe ọwọ́ yín. Àwọn kan tutù. Mo mọ̀ pé wọ́n tutù. Ó rẹ̀ mí ni, mo bá purọ́."

Ìyá gbójú sókè wò ó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé ó rẹ̀ ọ́? Ó rẹ èmi náà. À bá jọ sinmi ni."

Olóúnjẹ ò padà wá, Akọ̀wé sì mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni. Ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìwé abíyá rẹ̀: pé ó rẹ èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, irọ́ tí a fi bò ó ló ń di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí. Ká ní kò sọ̀rọ̀ ni, ìyá rẹ̀ ì bá máa bú ọwọ́ ara rẹ̀ títí ayé.