Ẹ̀wù Mọ́kànlá lára Ògiri Ilé Ọtí

Nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1916, bí Jabez Crowther ti ń kan irin mọ́ ìdí bàtà onígi kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ gbọ́ pé pápá bọ́ọ̀lù Aldbeck, abúlé wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Pell, aṣojú onílẹ̀, ló wọlé wá sọ fún un. Kò tilẹ̀ ṣí fìlà.

"Jabez, o mọ àdéhùn. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì lọ́dọọdún, Aldbeck gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mọ́kànlá pé, nínú ẹ̀wù ẹgbẹ́. Ọdún tí wọn kò bá gbá a, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ọ̀gá mi. Àlìkámà ló fẹ́ gbìn."

"A óò gbá a."

"Ta ni yóò gbá a? Gbogbo àwọn ọmọ yín ti lọ jagun ní Faransé."

"Mo ní a óò gbá a. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn bí ẹ bá ń lọ, òtútù ń wọlé."

Láti ọjọ́ náà ni ara Jabez kò ti balẹ̀ mọ́. Yóò gbé òòlù, yóò tún gbé e sílẹ̀, yóò rìn dé pápá, yóò wo koríko, yóò padà. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ hú òkúta kúrò nínú pápá yẹn. Ibẹ̀ ni Wilf, ọmọ rẹ̀, ti kọ́ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ènìyàn kọ́ ni ìṣòro. Àwọn arúgbó àti àwọn tí ológun kọ̀ pé mọ́kànlá. Ẹ̀wù ni. Ní Aldbeck, agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀wù rẹ̀ lé ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù ẹni tó ti kú nìkan ni wọ́n ń mú fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ náà ń lọ, wọ́n fi ẹ̀wù pupa wọn kọ́ sára ògiri ilé ọtí Hannah Sugden, pé àwọn ń bọ̀ wá mú un. Òwú tí wọn ìbá sì fi hun tuntun, ìjọba ti kó o fún aṣọ ológun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Kérésìmesì, Jabez gun àga, ó ń já àwọn ẹ̀wù náà sílẹ̀. Hannah yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ife. Ẹ̀wù Clem ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀, Jabez. Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi ti kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Clem. Pápá ni mo fẹ́ fi pamọ́ dè wọ́n."

"Bí Clem bá dé tí kò bá pápá, yóò mutí, yóò gbàgbé. Kí ó ṣáà dé."

"Èmi náà ní ọmọ níbẹ̀."

"Nígbà náà, tìẹ ni kí o kọ́kọ́ mú."

 Jabez mú ẹ̀wù Wilf, ó sì wọ̀ ọ́ sọ́rùn ara rẹ̀. Ẹ̀wù náà kò gba ikùn rẹ̀.

"O dà bí ìrọ̀rí tí wọ́n ki jù," ni Hannah wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí iná, kò sì dí i lọ́wọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbá a nínú ẹrẹ̀. Góòlù mẹ́fà ni àwọn arúgbó Skelby, abúlé tó wà nítòsí, jẹ wọ́n, Aldbeck kò jẹ ọ̀kan. Pell dúró títí fèrè ìkẹyìn fi dún, ó fa fìlà bojú, ó lọ.

Jabez fọ ẹ̀wù Wilf fúnra rẹ̀, ó gbé e padà sí àyè rẹ̀ lára ògiri láàrin àwọn yòókù. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kí òjò ọdún tuntun tó dá ni ìròyìn ikú Wilf dé. Hannah kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù sí i lójú rí. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sinmi.

Clem dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ bó ti yẹ. Pápá ṣì wà. Àlìkámà kankan kò hù níbẹ̀. Nígbà tí ogun parí, nínú àwọn mọ́kànlá tó fi ẹ̀wù kọ́, mẹ́rin ló padà wá mú tiwọn. Méje ṣẹ́ kù lára ògiri. Ọmọ kan ṣoṣo ni Jabez bí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ já méjèèje sílẹ̀.