Èémí Inú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe àhesọ. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé. Ẹ kàn má bi í léèrè lójú bàbá rẹ̀ ni.

Oníṣẹ́ iná ni. Ìyá Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí wáyà tó ta kókó tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tú. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, ó ní òun náà á bá a yí, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì háídírójìn ṣe iná.

Ẹ̀rọ náà kò ju àpótí aṣọ lọ. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ṣí i, ó fi inú rẹ̀ hàn án.

“Háídírójìn ń gba ibí wọlé, atẹ́gùn ń gba ọ̀hún. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Ibẹ̀ ni iná ti ń jáde. Omi lásán ló sì ń tọ̀.”

“Kò ní èéfín rárá, Ọ̀gá?”

“Rárá. Àmọ́ kò lè dá a ṣe. Fáànù yìí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Pọ́ńpù yìí ń gbé omi tútù yí i ká, kí ara rẹ̀ má gbóná jù. Èyí ń mú kí awọ yẹn rin. Tó bá gbẹ, ó parí. Bí èèyàn náà ni, Ìyá Oníná. Ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ló ń mí.”

Ìyá Oníná tẹjú mọ́ fáànù náà. Bàbá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló dá bàbá náà dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, àbúrò Ìyá Oníná obìnrin ló sì ń tọ́jú wọn nílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kùrukùru bo ìta, ojú ọjọ́ funfun bí òwú. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Òun nìkan ló jókòó ti ẹ̀rọ. Gílóòbù tí ẹ̀rọ náà ń fún níná ń tàn. Omi ń kán láti ara ẹ̀rọ sínú ike, tó... tó... Oorun ń kùn ún.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Fáànù kò fẹ́ bíi fáànù mọ́. Ó fa atẹ́gùn wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú. Ó dúró. Ó wá tú u síta, gígùn, fíìn kan sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí gan-an nìyẹn.

Ó ní ojú oorun ni. Ó nawọ́, ó ti gáàsì pa.

Ẹ̀rọ fà á wọlé. Ó tún fà á. Kò tú u síta. Iná kú. Ibi gbogbo pa lọ́lọ́.

Fóònù dún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀! Bàbá ò mí mọ́! Wọ́n fà á, wọn ò tú u síta!”

Kò mọ ẹni tó rán ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó kàn rí i pé ọwọ́ òun ti ṣí gáàsì padà. Fáànù yí. Iná tàn. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀.

Nínú fóònù, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. “Wọ́n ti mí! Wọ́n ti mí o!”

Lẹ́yìn náà, ohùn bàbá wọlé, jẹ́jẹ́.

“Ọmọ mi, ibi tí mo wà tù mí lára. Funfun ni. Omi ń kán níbẹ̀. Mo wá rí ọ, o ń ti ilẹ̀kùn.”

“Ilẹ̀kùn wo, Bàbá?”

“Èmi ni mo fẹ́ bi ọ́.”

Nígbà tí Ọ̀gá dé, tó fẹ́ pa ẹ̀rọ, obìnrin náà dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ ọwọ́ o!” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo géèjì tó ń sọ iye gáàsì tó kù. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Gáàsì ti tán pátá. Ó tú okùn rọ́bà kúrò lẹ́nu sílíńdà gáàsì. Kò sí gáàsì tó tú jáde. Síbẹ̀, iná ò ṣẹ́jú.

Ó rọra pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé. Kò sẹ́ni tó tún kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, àfi Ìyá Oníná tó máa ń wọlé lọ jókòó.

Bàbá ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Láàárọ̀ àná, àbúrò Ìyá Oníná tún pè é lórí fóònù bó ṣe jókòó ti ẹ̀rọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìrọ̀rí Bàbá rin gbingbin.”

“Òógùn ni?”

“Rárá o. Omi ni. Ó mọ́ gaara.”

Ìyá Oníná wo ike tí omi ẹ̀rọ máa ń kán sí. Fáànù ń yí. Iná ń tàn. Ike náà gbẹ táútáú.